Ẹsẹ̀ Kékeré Lójú Ọ̀nà Òkukù

Ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Òkukù kì í ṣe ọ̀nà tó jìn. Ènìyàn yóò gba Ìkìrun kọjá, yóò rí Ìnísà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bá ara rẹ̀ ní Òkukù. Ojú irin tí ọkọ̀ ń gbà láti Èkó lọ sí Kánò náà ń bá ọ̀nà yìí rìn. Nígbà míì ó wà nítòsí, nígbà míì igbó a bò ó, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jọ ń lọ sóko. Láti kékeré ni mo ti ń gba ọ̀nà náà nínú ọkọ̀ bàbá mi. Bí mo bá di ojú, mo ṣì lè sọ ibi tí a dé, nítorí mo mọ ariwo tí táyà ń pa níbi tí títì ti dán àti níbi tí ó ti họ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nínú òjò oṣù Kẹsàn-án, mo gbọ́ ariwo tí n kò gbọ́ rí. A ti kọjá Ìkìrun, Ìnísà kù díẹ̀. Èmi ni mo wa ọkọ̀. Màmá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé agbọ̀n ẹyin lé itan. Lójijì ni nǹkan dún gbàmù lẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. N kò tẹ bíréèkì. Bàbá mi ti kọ́ mi tipẹ́ pé bí táyà bá bẹ́, ọwọ́ ni kí n fi di ọkọ̀ mú, kí n má fi ẹsẹ̀ pa á. Mo di ìtọ́kọ̀ mú gírígírí, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ọkọ̀ sì rọra wọ́ lọ sínú koríko. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀ níwájú. Ká ní ó wà ni, bóyá ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ìròyìn yìí.

Màmá mi kò pariwo. Ó ṣí aṣọ orí agbọ̀n wò, ó ní ẹyin méjì péré ló fọ́, a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó ní, "N kò ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́ títí bàbá yín yóò fi wá ẹsẹ̀ gidi sí i." Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń lọ ra ẹyin ní Ìkìrun, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló ń jókòó sí, lójú títì kan náà, tòun ti agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ bàbá mi nínú, kò sì dùn mọ́ èmi náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn, tí mo padà sí Òkukù láti bá a wá ẹsẹ̀ gidi náà. A rò pé iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni.

Ìlú tí wọ́n ti ń ki oríkì

Òkukù ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Olókukù ni oyè ọba wọn. Odò Ọ̀tìn, tí wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ náà lórúkọ, ni wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ ní ìlú. Ẹni tó bá dé lónìí yóò tún pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítorí ibẹ̀ ni ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣàkóso àti ìmọ̀ àwùjọ wà. Àwọn ni wọ́n sọ ojú pópó di ọ̀tun: ilé oúnjẹ, ilé tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, àti ọ̀kadà tó ń dúró dè wọ́n ní gbogbo oríta.

Ṣùgbọ́n fún èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, Òkukù ju ìlú bàbá mi lọ. Ní àwọn ọdún 1970 ni Karin Barber, òyìnbó ará Ìlú Ọba, wá gbé ní ìlú náà, tó ń tẹ̀lé àwọn obìnrin tó ń ki oríkì lọ síbi ìgbéyàwó, síbi ìsìnkú àti síbi ọdún. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní 1991. Ohun tí mo rí dìmú nínú ẹ̀kọ́ oríkì ni pé kì í ṣe ìyìn lásán. Ìtàn ni, tí wọ́n ká kúrú títí ó fi di gbólóhùn kan. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò gbọ́ ohùn, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí ni màá lò ní ìsọ̀ fọkanáísà.

Tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Golf kékeré kan ló ń wà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Golf 3, tó rà ní tòkunbọ̀ nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Rímù ọkọ̀ náà jẹ́ ínǹṣì 13. Nígbà náà, ó máa ń rán ènìyàn sí Èkó kí wọ́n bá òun ra irú táyà kan tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní "táyà asáré": táyà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ kékeré tó lágbára, tó ń gbá títì mú nínú òjò, tí kì í yẹ̀ bí ọkọ̀ bá já kọ́nà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa ṣe àríyànjiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni ń ṣe àríyànjiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Wọ́n a ní ti ilé-iṣẹ́ yìí le jù, ti tọ̀hún rọ̀ jù, ti ẹ̀kẹta dára ṣùgbọ́n ó ń tètè jẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé fi sọ́kàn nìyẹn: nígbà náà, àríyànjiyàn wà nítorí pé àṣàyàn wà.

Oríkì ara táyà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, a gbé táyà tó bẹ́ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó ti ń bá bàbá mi ṣe ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Abẹ́ igi máńgòrò ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, lẹ́bàá títì, pẹ̀lú ẹ̀rọ afátẹ́gùn tó ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe.

"Ọ̀gá Tíṣà, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ewu o. Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Ewu iná kì í pa àwòdì," ni bàbá mi dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jọ ti àwòdì.

Fọkanáísà yí táyà náà síwá sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ṣì nílà dáadáa. Bàbá mi tọ́ka sí i, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Kò tíì jẹ. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo rà á. Ilé-iṣẹ́ gidi ló sì ṣe é."

"Sà, ẹ jẹ́ ká ka ara rẹ̀ ná."

Ó fi omi nu ẹ̀gbẹ́ táyà, ó pè mí kí n wá kà á. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀gbẹ́ táyà ló kọ́ mi pé oríkì kò mọ sọ́dọ̀ ènìyàn nìkan. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni 175/70 R13 82H. Mo ti ń rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò kà á rí. 175 ni ìbú táyà náà ní mìlímítà. 70 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá 70 nínú 100 ìbú náà. R jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe tẹ́ okùn inú rẹ̀, 13 sì ni ìwọ̀n rímù tó lè wọ̀ ọ́ ní ínǹṣì. 82 ni agbára ẹrù: táyà kan lè gbé kílógíráàmù 475. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ni ti eré. S kò gbọdọ̀ ju kílómítà 180 lọ ní wákàtí kan, T kò gbọdọ̀ ju 190, H kò gbọdọ̀ ju 210, V kò gbọdọ̀ ju 240. Nítorí H yẹn ni bàbá mi ṣe rà á.

"Ó kù síbì kan," ni fọkanáísà wí. Ó fi ìka tọ́ mi sí ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Lẹ́yìn àwọn lẹ́tà díẹ̀, òǹkà mẹ́rin wà nínú àpótí kékeré: 2311.

"Ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìyẹn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún."

Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún, ọdún 2011. Táyà tí bàbá mi rà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ti lé ní ọdún mẹ́wàá kó tó gorí ọkọ̀ rẹ̀. Òkèèrè ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Àjọ SON, tó ń rí sí ìwọ̀n àti ìjójúlówó ọjà ní orílẹ̀-èdè wa, ní ọdún mẹ́rin ni kí a lo táyà mọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Fọkanáísà ṣàlàyé pé ilà ojú kì í sọ òtítọ́ inú. Rọ́bà a máa gbẹ bí awọ, oòrùn àti afẹ́fẹ́ a máa jẹ ẹ́, okùn inú rẹ̀ a máa tú díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan tí ọ̀nà gbóná tí ẹrù sì wúwo.

Bàbá mi kò fọhùn. Ẹni tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òǹkà, òǹkà mẹ́rin ló fo ojú rẹ̀ ru.

Ìdí tí àṣàyàn fi ń dín

A ní kó fi tuntun méjì fún wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ní ìsọ̀ rẹ̀, táyà 15 wà, 16 wà, 17 tó fẹjú bí àtẹ wà. Ní ti 13, irú kan ṣoṣo ló ní, lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ T. "Sà, kò sí ẹni tó ń béèrè H ní 13 mọ́. Kò tiẹ̀ sí ẹni tó ń gbé e wá."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti Òkukù nìkan. Golf GTI àkọ́kọ́ tí Volkswagen gbé jáde ní 1976, tí gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ń pariwo eré rẹ̀, rímù 13 ló wọ̀: 175/70 HR13. Ìwọ̀n táyà bàbá mi gan-an nìyẹn. Golf GTI tí wọ́n ń ṣe lónìí kì í wọ rímù tó kéré sí 17. Mazda MX-5, ọkọ̀ kékeré aláfẹ́ tó jáde ní 1989, rímù 14 ló fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí ń wọ 16 tàbí 17. Ọkọ̀ ń wúwo sí i lọ́dọọdún. Bíréèkì tó tóbi nílò àyè nínú rímù tó tóbi, ojú àwọn oníbàárà náà sì ti mọ́ ẹsẹ̀ ńlá lára.

Gbogbo ìwọ̀n táyà ló sì ní irin ìtẹ̀ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí agolo tí oníbúrẹ́dì fi ń yan búrẹ́dì. Bí àwọn tó ń ra búrẹ́dì kékeré bá dín kù, oníbúrẹ́dì á gbé agolo kékeré sórí àjà. Irú tó dára jù, tó sì wọ́n jù, ló máa ń kọ́kọ́ pa tì, nítorí pé ẹni tó lówó ti lọ ra ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ńlá. Èyí tó kù fún ẹlẹ́sẹ̀ kékeré ni èyí tó rọjú, tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí kì í sáré. Àwọn tó ń fi Golf àti Mini àtijọ́ díje ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ń ké irú igbe yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ìdárayá ni tiwọn. Tiwa ni ọ̀nà ọjà.

Tiwa sì tún ní ìtàn mìíràn. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ táyà ńlá méjì wà tó ń ṣe táyà fún wa nílé: Michelin ní Port Harcourt, Dunlop ní Ìkejà. Ní 2007 ni Michelin dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tí ọdún 2008 fi máa parí, Dunlop náà ti tẹ̀ lé e. Owó iná àti epo ga, táyà òkèèrè sì kún ọjà. Bẹ́ẹ̀ igi rọ́bà kò tán nílẹ̀ wa. Ó wà ní Oǹdó, ó wà ní Ẹdó àti Delta. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa rọ́bà sì wà ní Iyanomo lẹ́bàá Ìlú Bìní títí di òní. Oje igi wa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, a sì ń padà ra táyà lọ́wọ́ àjèjì.

Àwọn aṣọ́bodè ti ka táyà tòkunbọ̀ sí ọjà èèwọ̀. Ti ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe, ìwọ̀n 11.00 × 20 sókè, nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ẹ̀bá ọ̀nà èyíkéyìí ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ ó rí i níbi tí wọ́n tò ó sí. Ibi tí àṣàyàn bá ti tán, èèwọ̀ a máa di ọ̀nà àbùjá.

Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀

A kò sọ̀rètí nù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun a lọ sí Ìnísà, a lọ sí Ìkìrun. Orin kan náà ni wọ́n ń kọ: T wà, H kò sí. Ní Ìkìrun, ọmọdékùnrin kan tí ń ta táyà bi mí bóyá a kò kúkú lè ta ọkọ̀ náà. Mo rí bí bàbá mi ṣe yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ọjọ́rú a dé Òṣogbo. Ẹni kẹrin tí a bá níbẹ̀ wọ inú ìsọ̀ lọ, ó sì gbé táyà kan jáde bí ẹni gbé ère. 175/70 R13 82H. Ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi fẹ́ràn jù ló ṣe é. Ilà ojú rẹ̀ jìn, ara rẹ̀ ń dán. Wọ́n ti fi epo pa á. Ó ní mẹ́rin rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti tuntun. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ ra á bí ẹni rí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

"Wò ó," ni ó wí fún mi. "H ni."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wá àpótí kékeré náà. 3514. Ọ̀sẹ̀ 35, ọdún 2014.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí."

Ó kà á. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí n kò retí lẹ́nu ẹni tó ti rí táyà 2311 lánàá-lánàá: "Ilé-iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Ọ̀tọ̀ ni ti èyí."

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ pé ẹ rántí màmá wa. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ jà ní ìta, pàápàá níwájú ọlọ́jà. Ohun tí mo sọ kò ju pé kí ó jẹ́ ká sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbà. Ní gbogbo ọ̀nà ilé, ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé ibi tí táyà ti bẹ́, ó dín eré kù fúnra rẹ̀.

Ó dúró ní ẹ̀bá ojú irin ní Òkukù kí a tó wọlé. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí gbọ́n. Mìlímítà 1,067 ni àlàfo àárín irin méjèèjì láti ìgbà tí òyìnbó ti tẹ́ ẹ, 1,067 náà ló jẹ́ lónìí. Kò sí ẹni tó ń jí lówùúrọ̀ tó máa ní ẹsẹ̀ rẹ ti kéré jù." Nígbà náà ló yé mi pé kì í ṣe H ni bàbá mi ń wá. Ohun tó ń wá ni kí ohun tó mọ̀ má tíì di ohun tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìṣirò alẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, fọkanáísà wá kí wa. Èmi ni mo pè é. Ó jókòó, ó mu omi, ó sì kọ́kọ́ fi àwàdà bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá Tíṣà, T lè gbé kílómítà 190. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kí a má ju 80 lọ lójú ọ̀nà wa yìí. Ta ló fẹ́ lé wa kúrò ní Òkukù tí a ó fi sá tó 210?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní èsì. "Kì í ṣe eré ni mo ń fi H wá. Ẹni tó bá ṣe táyà fún 210 á ti ro bí yóò ṣe dúró. Ìdúró ni mo ń rà."

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti gbẹ kì í dúró mọ́, ì báà jẹ́ H, ì báà jẹ́ V."

Àwọn méjèèjì ló rí òtítọ́ sọ. Ibẹ̀ ni fọkanáísà ti dá àbá kejì. Ó ní irú Golf kan náà wà tó ń wọ rímù 14, ihò mẹ́rin tí rímù rẹ̀ ní sì dọ́gba pẹ̀lú tiwa. Táyà tirẹ̀ ni 185/60 R14 82H. Ìyẹn ṣì wà ní tuntun. Rímù irin mẹ́rin wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tú ọkọ̀ àlòkù ní Òṣogbo.

"Ẹsẹ̀ ńlá fún ọkọ̀ kékeré," ni bàbá mi wí. "Yóò máa fi orí gbá ara ọkọ̀. Ago ìdíwọ̀n eré yóò máa parọ́."

"Ẹ̀yin ni tíṣà ìṣirò, sà. Ẹ ṣe é."

Bàbá mi wá bírò. Ó fa ìwé ìpè ìgbéyàwó kan jáde, ó yí i dà, ó sì kọ ọ́ báyìí: 175 lọ́nà 70 nínú 100 jẹ́ 122.5. Ẹ̀gbẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 245. Rímù 13 lọ́nà 25.4 jẹ́ 330.2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 575.2. Ó fà ilà sí i. Lẹ́yìn náà: 185 lọ́nà 60 nínú 100 jẹ́ 111. Méjì rẹ̀ jẹ́ 222. Rímù 14 lọ́nà 25.4 jẹ́ 355.6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 577.6.

Ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Mìlímítà 2.4. Kò tó ìdajì ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Agbára ẹrù kò yí padà: 82 ni méjèèjì. Bí rímù ṣe ga sí i ni ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe rẹlẹ̀ sí i, gíga ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì dúró síbi tó wà.

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé kì í gba ìdáhùn tí kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá mi gbé àwo ẹ̀bà wọlé, ó rí wa tí a ń wo ẹ̀yìn ìwé ìpè, ó sì béèrè ẹni tó fẹ́ gbéyàwó.

"Ọkọ̀ mi ni," ni bàbá mi dáhùn. "Ó fẹ́ wọ bàtà tuntun."

Ohun tó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ kékeré mọ̀

Owó tí a ná ju èyí tí a mú dání lọ; mo fi owó tí mo fẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà tuntun kún un. N kò kábàámọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọkọ̀ àwọn òbí yín ṣì ń wọ rímù 13 tàbí 14, tàbí tí ẹ ń wọ Micra kékeré tó ń ṣe tasí nígboro Ìbàdàn, ohun tí mo kọ́ nìyí.

Ẹ ka ọjọ́ ìbí táyà kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Táyà T tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí sàn ju H tí wọ́n ti ṣe ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ yí ìwọ̀n rímù padà, ẹ ṣe ìṣirò bàbá mi: kí gíga ẹsẹ̀ má yí padà, kí òǹkà ẹrù má dín, kí ihò rímù sì bá ti ọkọ̀ mu. Bí owó bá tó fún táyà tuntun méjì péré, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi wọ́n sí, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ iwájú fà. Ìdí ọkọ̀ tó bá yẹ̀ nínú òjò ṣòro láti mú. Bí ó bá sì jẹ́ táyà tí kò gba eré ni agbára yín ká, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín mọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí tọ́rótù.

Ìró agogo

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin tuntun. Màmá mi jáde pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Kò wọ ọkọ̀. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó wọ awò ojú rẹ̀.

"Ọdún wo ni wọ́n bí i?"

Bàbá mi fi ìka hàn án. Ó kà á jẹ́jẹ́, ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó sì wọlé jókòó síwájú.

Nínú rímù 13 mẹ́rin tó kù, a fi ọ̀kan sí búùtù pẹ̀lú táyà T tuntun tí a rà nílé, nítorí gíga rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu. Bàbá mi ta méjì. Ìkẹrin ni ó fọ̀, tó gbé lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí agogo rẹ̀ ti là. Wọ́n fi wáyà so ó kọ́ ẹ̀ka igi, wọ́n sì fi irin gígùn kan tì í.

Mo bi í bóyá inú rẹ̀ ti dùn báyìí. Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n kí n má tan ara mi jẹ: 14 náà ń bọ̀ wá lọ. Ó ti béèrè ní Òṣogbo, irú méjì péré ni wọ́n ní. Ó ní bóyá yóò pé ọdún márùn-ún, bóyá kò ní pé, a ó tún jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ó kàn fẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò náà kó tó di ìgbà yẹn.

Ní ọjọ́ Ajé tí mò ń padà sí Ìbàdàn, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé náà kọjá. Ọmọ kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù ń lu rímù 13 náà ní gbogbo agbára rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sáré láti inú ilé àti láti ojú pópó kí ìlà má bàa tò tán kí wọ́n tó dé.